Bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ káwọn èèyàn dán prototype yín wò láì sí yín níbẹ̀

Ẹ̀yin dísáínà tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Bódìjà tàbí Àkóbọ̀ tẹ́ ẹ ń ya ojú áàpù lórí Figma, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Èèyàn lè ya dẹ́sáìnì tó rẹwà, kí ọ̀gá pàtẹ́wọ́, kí gbogbo ọ́fíìsì ní ó dáa gan-an, kí ìyá tó ń tajà wá dé ibẹ̀ kó má mọ ibi tóun máa tẹ̀. Ìbàdàn lẹ mọ̀ yẹn, ẹ ò mọ Láyípo. Ẹni tó máa lo nǹkan náà gan-an ni Láyípo, ọ̀nà tá a sì fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ká gbé prototype fún un, ìyẹn áàpù àfarawé tẹ́nikẹ́ni ò tíì kọ kóòdù ẹ̀, ká wá wo ohun tó máa fi ṣe.

Ẹ lè jókòó ti onítọ̀hún nígbà tó bá ń ṣe é. Ẹ sì lè fi líǹkì ránṣẹ́ sí i, kó ṣe é fúnra ẹ̀ nígbà tó bá ráyè, kí fóònù máa gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí mo kà sílẹ̀ gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ sọ. Kò náni lówó púpọ̀, kò sí pé à ń wọ Micra láti Ìwó Road lọ sí Àpáta torí ẹnì kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́wàá sì lè ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ibi tó ti le ni pé tí ọ̀rọ̀ ò bá yé onítọ̀hún kò sẹ́ni tó máa bi, tó bá ṣìnà kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Torí náà inú ohun tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ kó tó ṣí líǹkì ni gbogbo iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ dáadáa ẹ máa rí òótọ́, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ṣákálá, fídíò lásán lẹ máa kó jọ.

Àpẹẹrẹ tí màá máa lò ni áàpù àjọ, irú èyí tí ọlọ́jà lè fi máa dá owó lójoojúmọ́, kó máa rí iye tó ti dá, kó sì kó o nígbà tó bá pé.

Kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè tí fídíò lè dáhùn sílẹ̀. "Ṣé wọ́n máa fẹ́ràn áàpù wa?" kì í ṣe ìbéèrè jàre, ta ló máa bú iṣẹ́ oníṣẹ́ lójú ẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa ní ó dáa. Irú èyí lẹ fẹ́: ṣé ẹni tí ò lo áàpù àjọ rí lè dá owó tòní láì bi ẹnikẹ́ni? Ṣé ó lè rí iye tó ti dá? Ṣé ó yé e pé owó ọjọ́ kan máa lọ fún alájọ kó tó kó owó ẹ̀? Ẹ má fojú kékeré wo ìgbẹ̀yìn yẹn o, ibẹ̀ nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín alájọ àti oníbàárà, tí áàpù ò bá sì là á yé èèyàn, olè ni wọ́n máa pè yín.

Iṣẹ́ mẹ́ta ti tó kẹ́ ẹ gbé fún ẹnì kan, mẹ́rin ti ń pọ̀. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú 15 lọ wọ́n á kàn máa tẹ̀ ẹ́ kó lè tán ni, tàbí kí wọ́n já a jù sílẹ̀ lágbedeméjì.

Tó bá wá jẹ́ pé ìdí táwọn èèyàn ò fi fọkàn tán áàpù owó lẹ fẹ́ mọ̀, tàbí pé àwọn tẹ́ ẹ ń wá ò fi bẹ́ẹ̀ mọ fóònù lò, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Líǹkì ò lè ṣèyẹn.

Ẹ tún prototype ṣe kó lè dá dúró

Inú Figma, ẹ kó àwọn frame, ìyẹn ojú ìwé áàpù, tí iṣẹ́ mẹ́ta yẹn nílò nìkan lọ sí page ọ̀tọ̀, ẹ má fi gbogbo áàpù ránṣẹ́. Fóònù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lọ́jà ò lágbára tó ti yín, dátà tí wọ́n ń lò sì ń jẹ wọ́n lówó, tí fọ́tò ńláńlá bá kún inú prototype á máa yí lójú kan títí tó fi máa sú wọn. Ẹ dín fọ́tò kù, ẹ ṣe frame náà bí fóònù kékeré ṣe rí, kì í ṣe bí iPhone ọwọ́ yín ṣe rí.

Ẹ lọ sí ibi àtòjọ prototype kẹ́ ẹ pa "Show hotspot hints on click" rẹ́. Ẹ má gbàgbé èyí ẹ jọ̀ọ́. Tó bá wà ní títàn, ẹni tó bá tẹ ibi tí kì í ṣe ibẹ̀, àwọ̀ búlúù máa tàn yòò sí gbogbo ibi tó ṣeé tẹ̀, ó di pé ẹ ń tọ́ka ìdáhùn sí i. Ẹ jẹ́ kí líǹkì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní i láti wò, kẹ́ ẹ wá ṣí i nínú incognito, ìyẹn ojú bíráwúsà tí ò mọ̀ pé ẹ ti wọlé, kẹ́ ẹ rí i bóyá kò ní máa béèrè pé kí wọ́n wọlé kí wọ́n tó rí nǹkan.

Ohun tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ti ẹni tó ń lò ó. Ẹ yọ dọ́là kúrò, ẹ yọ John Doe kúrò, ẹ fi náírà àti orúkọ tí wọ́n mọ̀ sí i, iye owó náà sì gbọ́dọ̀ bára mu láti ojú ìwé kan sí èkejì. Tí ojú ìwé àkọ́kọ́ bá ní 12,500 náírà tí èyí tó tẹ̀ lé e wá ní 9,000, ẹni yẹn á dúró máa ṣírò, kò ní rántí iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún un mọ́. Ọ̀pọ̀ prototype ni ò gbà kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nǹkan sínú ẹ̀, ẹ yáa sọ ọ́ ṣáájú: "Tẹ́ ẹ bá tẹ àpótí iye owó, nọ́ńbà á jáde fúnra ẹ̀."

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ iṣẹ́ náà

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo èyí tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ tẹ Dá Owó, kẹ́ ẹ yan Àjọ Ojoojúmọ́, kẹ́ ẹ fi 500 náírà sí i."

Ẹni tó bá mọ̀wé kà á ṣe èyí láì ṣìnà rárá, ẹ máa wá gbé ìròyìn lọ bá ọ̀gá pé gbogbo wọn ló yege, bẹ́ẹ̀ ìwé kíkà lẹ dán wò. Ẹ fi wé èyí:

"Ọjà tà díẹ̀ lónìí. Ẹ fẹ́ kí 500 náírà wọ inú àjọ yín gẹ́gẹ́ bíi ti òní. Ẹ ṣe é bí ẹni pé owó yín gan-an ni."

Ẹ ti sọ ìdí, ẹ ti sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó bá a dé, ẹ ò sọ ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí bọ́tìnnì, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sínú iṣẹ́ tí agbára yín bá gbé e. Tí bọ́tìnnì bá ń jẹ́ "Yọ Owó", ẹ má kọ pé ẹ yọ owó, nítorí ojú onítọ̀hún á kàn máa wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ni. Ẹ sọ pé: "Wọ́n ti ń béèrè owó iléèwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, owó àjọ yín lẹ sì fẹ́ fi san án. Ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kó lè dé ọwọ́ yín." Ìtàn yẹn ò gbọ́dọ̀ gùn jù o. Mo ti rí ibi tẹ́nì kan ti kọ ìpínrọ̀ méjì nípa ọkọ, ọmọ àti àna kó tó dé orí owó, ta ló fẹ́ máa ka ìyẹn lórí fóònù.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tó parí sí. Ẹ ò sí níbẹ̀ kẹ́ ẹ lè ní ó ti tó, torí ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti máa kà á: "Tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ ti ṣe é tán, ẹ sọ ọ́ síta pé mo ti ṣe tán, kẹ́ ẹ padà sí fọ́ọ̀mù." Kẹ́ ẹ tún fi ọ̀nà àtijáde sí i: "Tẹ́ ẹ bá wá a tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ sọ pé mi ò rí i, kò sí wàhálà rárá." Láìsí ìyẹn, ojú á máa ti àwọn míì, pàápàá àwọn àgbà, wọ́n á yáa pa á tì, wọn ò sì ní dá yín lóhùn mọ́.

Nǹkan kan wà tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an: kẹ́ ẹ fi ìbéèrè kan tí ìdáhùn ẹ̀ wà nínú prototype nìkan tẹ̀ lé iṣẹ́ náà. Bíi "Eélòó lẹ rí pé ẹ ti dá?" Ẹni tó bá kọ 14,500 ti dé ibẹ̀, ẹni tó bá kọ nǹkan míì, ibòmíì ló dé, bó tiẹ̀ ní òun ti ṣe tán.

Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe àkọ́kọ́ kára wọn lè balẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá iṣẹ́ kan ò ní jẹ́ kí wọ́n mọ ìdáhùn ìkejì. Tó bá ti rí bọ́tìnnì yíyọ owó níbi tó ti ń wá iye tó dá, iṣẹ́ ìkẹta ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ti èdè, ẹni tẹ́ ẹ ń wá ni kẹ́ ẹ wò. Àwọn tó pọ̀ n'Íbàdàn ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ àmọ́ Yorùbá àkọsílẹ̀ máa ń falẹ̀ lójú wọn, ẹ yáa fi ohùn ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú voice note kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ kà á bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ má kà á bí oníròyìn.

Àwọn wo lẹ máa fi ránṣẹ́ sí?

Ẹ má fún àwọn ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ jáde ní UI (Yunifásítì Ìbàdàn) tàbí Poly o, bẹ́ ẹ ṣe ń ronú làwọn náà ṣe ń ronú. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rọrùn láti lò, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé èèyàn márùn-ún ti tó láti rí nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àṣìṣe tó wà nínú dẹ́sáìnì kan, inú ìṣirò tóun àti Thomas Landauer ṣe ní 1993 ló sì ti mú un. Ìdí tá a fi ń pe èèyàn díẹ̀ nìyẹn, ká tún un ṣe, ká tún pe àwọn míì. Àmọ́ nínú irú èyí tẹ́nikẹ́ni ò jókòó tì wọ́n, àwọn kan ò ní ṣí líǹkì, fídíò àwọn míì ò ní lóhùn, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí márùn-ún tó dáa, ẹ pe mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Tó bá jẹ́ pé iye lẹ fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn olówó, pé ìdá báyìí ló ṣe é, márùn-ún ò tó rárá, ogún èèyàn ni kẹ́ ẹ máa fojú sùn, ó kéré tán.

Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé "Ṣé ẹ máa ń dá àjọ?" wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gbọ́ pé ẹ máa fún wọn ní káàdì ìpè. Ẹ kúkú bi wọ́n pé: "Nínú àwọn nǹkan yìí, èwo lẹ ṣe lóṣù tó kọjá?" kẹ́ ẹ wá to àjọ mọ́ rírán owó, sísan owó iná, ríra dátà, yíyá owó. Ẹni tó bá mú gbogbo ẹ̀, ẹ fura sí i.

Ọ̀rọ̀ yàhúù ti ba nǹkan jẹ́, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ tẹ líǹkì àjèjì tó ń sọ̀rọ̀ owó, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́: alájọ wọn, tàbí ìyálọ́jà, tàbí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà lẹ wá kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sórí WhatsApp:

"Ẹ kú ọjà mà. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín ló fún mi ní nọ́ńbà yín. A ń ṣe áàpù àjọ kan, a ò tíì ṣe é tán, la fi ní kẹ́ ẹ bá wa wò ó. Owó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe owó gidi, a ò ní béèrè PIN, a ò ní béèrè nọ́ńbà báńkì, tẹ́nikẹ́ni bá béèrè ẹ̀ lórúkọ wa ẹ má fún un. Áàpù là ń dán wò, a ò dán yín wò, ibi tó bá ti ṣòro, áàpù ló ṣẹ̀. Kò ní ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Fóònù yín á gba ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ àti ohùn yín sílẹ̀, àwa méjì péré la máa wò ó, tá a bá sì ti ṣe tán a máa pa á rẹ́. A máa fi káàdì 1,000 náírà ránṣẹ́, bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ dá mi lóhùn pé mo gbà."

"Mo gbà" yẹn kì í ṣe eré. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, ìyẹn Nigeria Data Protection Act ti 2023, ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa gba ohùn ẹni sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Ẹ tọ́jú ìdáhùn yẹn.

Irinṣẹ́

Maze àti Useberry wà fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ máa so líǹkì Figma mọ́ ọn, á máa ka ibi tí wọ́n tẹ̀, ẹni tó gba ọ̀nà tẹ́ ẹ là sílẹ̀, ẹni tó gba ọ̀nà míì dé ibẹ̀ àti ẹni tó jáde. Ó dáa, àmọ́ dọ́là ni wọ́n ń gbà tẹ́ ẹ bá ti kọjá tọ̀fẹ́.

Èyí tí ò ná yín lówó ni Google Forms, líǹkì Figma àti screen recorder, ìyẹn ohun tó ń gba ojú fóònù sílẹ̀, tó wà nínú fóònù wọn. Android láti orí 11 ti ní i, iPhone náà ní i. Ẹ ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa ṣe é kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí ibi méjì kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: èyí tó ń gba ohùn, àti èyí tó ń fi ibi tí ìka tẹ̀ hàn (Android ló ní ìkejì yìí, ti iPhone ò ní i). Tí ìkejì yẹn ò bá sí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó tẹ nǹkan tí ò sì dá a lóhùn, tàbí kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ ní kí wọ́n fi fóònù sí Do Not Disturb, kí álẹ́ẹ̀tì báńkì má lọ jáde láàárín fídíò. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò fi ní ṣú. Dátà tó máa jẹ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ san án, yàtọ̀ sí káàdì.

Ẹ kọ́kọ́ fún ẹnì kan ṣe

Ẹ wá ẹnì kan tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì, tó ń lo fóònù kékeré, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i bẹ́ ẹ ṣe máa fi ránṣẹ́ sáwọn tó kù, ẹ má ṣàlàyé kankan. Gbogbo ibi tó bá ti pè yín béèrè nǹkan, ibẹ̀ lẹ máa tún kọ. Ìbéèrè tó bá bi yín lórí fóònù, àwọn tó kù ò ní bi yín, wọ́n á kàn ṣe é bó ṣe yé wọn ni.

Ẹ má fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Alẹ́ dáa, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá iná wà, kí bátìrì má kú sí wọn lọ́wọ́. Ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wo fídíò

Ẹ ṣí Google Sheets, ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà kan, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀: ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ibi tó kọ́kọ́ tẹ̀, ibi tó ti ṣìnà, ohun tó sọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ wọn kọ. Ibi tó kọ́kọ́ tẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, ẹni tó bá ti kọ́kọ́ tẹ ibi tí ò yẹ, àtipadà ẹ̀ máa ń nira.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àkókò. Fóònù lè dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀yin á rò pé ojú ìwé yẹn le, tẹ́ ẹ bá tẹ́tí sí i ẹ máa gbọ́ "eélòó ni kóńgò?" Oníbàárà ló dé. Ìdí míì tá a fi ń gba ohùn nìyẹn.

Irú nǹkan tẹ́ ẹ máa rí nìyí. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ṣí ojú ìwé tó ń sọ iye tó ti dá. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni, 500 náírà lójúmọ́, áàpù wá kọ 14,500 gàdàgbà. Ó fà á lọ sókè, ó fà á wá sísàlẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Mo dá 15,000. Ta ló yọ 500?" Ó tún fà á. "Ẹ̀n-ẹn, tiwọn ni wọ́n ti yọ. Ṣé kí wọ́n máa sọ fúnni ni." Nínú ìwé yín, iṣẹ́ yẹn yege, ó rí iye owó, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó gbà á. Tó bá jẹ́ pé iye lẹ̀ ń wò nìkan, ẹ ò ní rí i pé ìyá yẹn ti fura sí yín, bẹ́ẹ̀ ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ owó náà, "owó alájọ: 500 náírà", ló máa yanjú ẹ̀. Òun mọ̀ nípa owó alájọ tẹ́lẹ̀ o, ó ti ń dá àjọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí ò mọ̀ ńkọ́?

Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹ lè bi wọ́n pé báwo ló ṣe rọrùn tó, láti 1 dé 7. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ iye kan fún gbogbo áàpù, SUS (System Usability Scale), òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe rọrùn tó láti lò, tí John Brooke ṣe ní 1986 ni kẹ́ ẹ lò, gbólóhùn mẹ́wàá ni, wọ́n á dáhùn láti 1 dé 5. Ìdáhùn àwọn gbólóhùn 1, 3, 5, 7 àti 9, ẹ yọ 1 kúrò nínú ẹ̀, àwọn yòókù ẹ yọ ìdáhùn kúrò nínú 5, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Nǹkan bí 68 ló wà láàárín. Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún ló dáhùn, ẹ má fi yangàn níwájú ẹnikẹ́ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa tún ṣe ṣáájú ni ibi tẹ́ni mẹ́ta nínú márùn-ún ti ṣìnà sójú kan náà, àti ibikíbi tó bá kan owó, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ló sọ ọ́. Àwọ̀ tẹ́nì kan ní òun ò fẹ́, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ẹ fi káàdì ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti tún prototype ṣe, àwọn míì ni kẹ́ ẹ pè, àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ẹ má pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi kọ iṣẹ́ náà o, ọ̀kan náà ni kẹ́ ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní mọ̀ bóyá dẹ́sáìnì ló dáa sí i ni àbí ìbéèrè ló rọrùn sí i.